Ọ̀gá Tó Fi Nàìjíríà Sábẹ́ Kànga

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí omi bá wà lẹ́nu yín, ẹ tètè gbé e mì. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Simeon Akínlẹ́yẹ ni mo fẹ́ sọ, ẹni tó bá sì ń mu omi lọ́wọ́ lè fi imú tú u jáde.

Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ ni adelé olórí Ọ́fíìsì Àkọsílẹ̀ Ibùgbé, tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú ọ̀nà tó ti Ìkòtún lọ sí Ìgàndó. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò le. Gbogbo àdúgbò, òpópónà, ọjà àti ibùdókọ̀ tó wà ní Alímọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń kọ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á so àdúgbò mọ́ wọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́ọ̀dù mọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìpínlẹ̀ Èkó mọ́ Nàìjíríà. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé pé gọ́tà àdúgbò òun ti dí, kọ̀ǹpútà á wo ibi tí wọ́n so àdúgbò náà mọ́, á sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bójú tó ibẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́ta lè ṣe nìyẹn, kí wọ́n sì tún ráyè jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ, yóò sọ fún yín pé òun ni òun gbé ayé jókòó, pé bí òun bá gbàgbé ara òun sùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, Ẹ̀gbẹ́dá lè ṣí lọ sí Ìlọrin.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun ọkùnrin yìí: ọ̀rọ̀ kékeré tó ń jẹ́ "adelé" yẹn. Ọdún méjì gbáko ló ti ń jẹ́ adelé. Ó ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, adelé ló ń wò nínú dígí. Àwọn ọ̀gá ní Aláúsá ti wá ṣèlérí fún un pé bí iṣẹ́ ìsopọ̀ ibùgbé bá parí, àwọn yóò rán ẹnì kan wá ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Ẹni náà yóò tẹ ìwé ìfidímúlẹ̀ jáde, wọ́n á fọwọ́ sí i, Simeon Akínlẹ́yẹ á sì di olórí pátápátá. Bí wọn kò bá rí ìwé náà fọwọ́ sí kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tó lù, wọ́n á gbé ipò náà fún ẹlòmíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun náà kò ní nǹkan mìíràn lọ́kàn.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ó ti kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ ní ohun tí Aláúsá kò tíì fún un. Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ń tò sórí àtẹ̀gùn láti kí i, ó sì ti pàṣẹ pé ẹnu ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe "adelé" mọ́. Níbi tí ọ̀rọ̀ náà bá yẹ kó bọ́ sí, kí wọ́n wúkọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá… húù… Olórí! Afibi-gbogbo-sípò! Bàbá Ààlà! Àìsínílé Simeon, Ìkòtún ò mọ ibi tó wà!"

Wọ́n ń wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ nísàlẹ̀ fi gòkè wá béèrè bóyá kò yẹ kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò àyà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ ṣe ohun tí kò ṣe rí. Ó wo iṣẹ́ tí ọ́fíìsì rẹ̀ ń ṣe. Ó rìn lọ sí ìdí kọ̀ǹpútà, níbi tí Fisáyọ̀, obìnrin tó ń tẹ gbogbo orúkọ náà, jókòó sí. Fisáyọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn náà ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé e ga láti ọdún mẹ́fà.

"Kí ni wọ́n kọ síbí yìí?" ọ̀gá béèrè.

"Òbí ni, sà. Gbogbo ibi tó wà nínú ìwé ló ní òbí tiẹ̀. Bí Ṣáṣá báyìí, wọ́ọ̀dù rẹ̀ ni òbí rẹ̀. Wọ́ọ̀dù náà, ìjọba ìbílẹ̀ ni òbí tiẹ̀."

"Ìkòtún ńkọ́?"

"Wọ́ọ̀dù ni òbí tiẹ̀ náà, sà."

"Wọ́ọ̀dù yẹn, ọdún wo ni wọ́n dá a sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ dájú, sà. Kò tíì pẹ́ púpọ̀."

Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ túfọ̀ òkú.

"Fisáyọ̀, ṣé ọmọ Yorùbá ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé wọ́n kọ́ ọ nílé? Ìlú tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, òun lo sọ di ọmọ wọ́ọ̀dù àná òde yìí? Kí Ìkòtún máa dọ̀bálẹ̀ kí wọ́ọ̀dù láàárọ̀? Kí Ìgàndó máa bá ìjọba ìbílẹ̀ ru ẹrù? Èwo ló kọ́kọ́ dé ayé nínú wọn?"

"Sà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló dàgbà. Èwo ló wà nínú èwo là ń sọ."

"Bàbá wà nínú ilé. Ṣé ilé ló bí bàbá ni?"

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mi orí, àwọn méjì tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá sì dìde dúró sórí ìka ẹsẹ̀, ó pa á láṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ibì kankan ní Alímọ̀ṣọ́ tí yóò jẹ́ ọmọ ibi tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Èyí tó bá dàgbà ni òbí. Ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ti di ọmọ Ìkòtún. Ní aago méjì, wọ́n rántí pé ọdún 1914 ni wọ́n so Nàìjíríà pọ̀, wọ́n sì fi òun náà sábẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá. Fisáyọ̀ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe pè é fún un. Kó tó tẹ bọ́tìnnì tó kẹ́yìn, ó di ojú, ó gbàdúrà díẹ̀ fún orílẹ̀-èdè.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá tí kò ní òbí, kọ̀ǹpútà kò ní gbà bí kò bá rí i. Ta wá ni àgbà gbogbo wọn? Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ ránṣẹ́ pe àwọn àgbààgbà mẹ́ta: Pa Stephen láti Ìkòtún, Bàbá Ọláìtán láti Ẹ̀gbẹ́dá, àti Bàbá Jàfárù láti Ìgàndó. Ó ní kí oníkálukú mú ẹ̀rí ọjọ́ orí ìlú rẹ̀ wá.

Pa Stephen gbé ọkọ́ kan dání tí ìpẹtà ti jẹ débi tó fi dà bíi ṣíbí. Ó ní ọkọ́ náà ni bàbá ńlá àwọn fi kọ́kọ́ ro ilẹ̀ Ìkòtún. Bàbá Ọláìtán kò mú irin wá ní tiẹ̀, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ló gbé wá lórí àga, ó ní kí wọ́n wo awọ ara rẹ̀ kí wọ́n mọ bí Ẹ̀gbẹ́dá ṣe pẹ́ tó. Wọ́n jí màmá náà, wọ́n bi í léèrè. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá, ará Òṣogbo ni òun, ta sì ló gbé òun kúrò nídìí oúnjẹ òun. Bàbá Jàfárù kò mú nǹkan kan wá rárá. Ó kàn dojú kọ ọ̀gá, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, bí mo ṣe rí iwájú orí yín yìí báyìí, mo ti mọ̀ pé ẹni tó mọ àgbà lẹ jẹ́. Ẹni tó bá ní irú iwájú orí yìí, Ìgàndó náà ló máa mú."

Orí Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ wú. Díẹ̀ ló kù kó gbé adé fún Ìgàndó lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Pa Stephen ti bínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ ìtàn bí bàbá ńlá wọn ṣe dé, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó sì lọ mu omi nínú kànga kan lápá ibi tó di Ìgàndó lónìí. Bàbá Ọláìtán ní irọ́ ni, bàbá ńlá tàwọn ló kọ́kọ́ mu omi kànga náà. Bàbá Jàfárù ní àwọn méjèèjì, àjẹkù omi bàbá òun ni wọ́n mu.

"Ẹ dúró!" Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ fọwọ́ gbá tábìlì. "Gbogbo yín lẹ bá kànga níbẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.

"A jẹ́ pé kànga dàgbà jù yín lọ. Kànga ni òbí!"

"Sà," Fisáyọ̀ rọra sọ láti ìdí kọ̀ǹpútà, "ta ló wá gbẹ́ kànga náà?"

"Fisáyọ̀, má da ìtàn rú."

Àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàtẹ́wọ́ gan-an. Kò sí èyí tó borí nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹnì kejì náà kò borí, ìyẹn sì dùn mọ́ wọn ju kí àwọn fúnra wọn borí lọ. Báyìí ni kànga kan ṣe di òbí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndó, Ìpínlẹ̀ Èkó àti Nàìjíríà lápapọ̀.

Inú ọgbà Alhaja Sìdíkátù ni kànga náà wà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaja, búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe tà, ogún ọdún ló sì ti ń fi omi kànga yẹn po sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ dé ọgbà rẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ mọ́kànlá àti àgbà mẹ́ta, Alhaja rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá! Èwo lẹ fẹ́, oní-íńṣì mẹ́fà àbí oní-íńṣì mẹ́sàn-án?"

"Obìnrin yìí," ọ̀gá dáhùn, ó gbé ojú sókè ọ̀run, "ǹjẹ́ o mọ̀ pé Nàìjíríà ń bẹ lábẹ́ kànga rẹ?"

Alhaja rìn lọ sídìí kànga, ó yọjú wò ó. "Yanrìn ló wà lábẹ́ ibí o," ó ní.

Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti àbọ̀ lórí iyì àgbà. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n ta okùn yí kànga ká, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa omi nínú òbí Nàìjíríà mọ́. Alhaja kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin, gbogbo wọn ló lọ́mọ, kò sì sí ẹni tó lè fi itọ́ po sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá ti yí ẹ̀yìn padà. Ó ti ń ronú bí wọn yóò ṣe kí òun láàárọ̀ ọjọ́ tí ikọ́ bá tán lọ́fun wọn.

Fisáyọ̀ nìkan ló dúró lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà ń béèrè orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń bójú tó ibi kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá kò sì pa àṣẹ kankan lórí ìyẹn, torí nọ́ńbà fóònù kéré lójú rẹ̀. Fisáyọ̀ béèrè ti Alhaja, ó sì kọ òtítọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni fóònù Alhaja ti ń dún. Gbogbo ìwé ẹ̀sùn Alímọ̀ṣọ́ ń gòkè lọ láti òbí dé òbí, wọn kò sì rí ibi dúró títí wọ́n fi dé ọgbà búlọ́ọ̀kù. Iná kò sí ní Ẹ̀gbẹ́dá, Alhaja ni wọ́n sọ fún. Àwọn ará Àgbàdo fẹ́ kí ìjọba dá ẹjọ́ ilẹ̀ kan fún wọn, ìjọba ti di Alhaja. Obìnrin kan ní Ṣáṣá kọ̀wé pé gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù òun ti dí láti ọdún tó kọjá, pé omi ń wọlé bá ìrẹsì òun. Alhaja wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n jókòó láìníṣẹ́, ó ní kí wọ́n kó ṣọ́bìrì lọ sí Ṣáṣá. Wọ́n kó gọ́tà náà mọ́ láàárín ọ̀sán kan. Ìwé ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ gbọ́ pé inú àwọn ará ìlú ń dùn, ó sì pe ìpàdé láti kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù pé. Ẹni tí Aláúsá rán wá ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé fáìlì kan dání, tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò bá sí nínú ìlànà. Aago méjì ló dé. Wọ́n ti to ètò mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ dè é, títí kan ewì tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀. Wọ́n gbé e gba gbogbo rẹ̀ kọjá. Aago mẹ́ta ti kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kó dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ìwé ìfidímúlẹ̀ jáde, ó kà á. Ó tún un kà.

"Ẹni tó wà lókè pátápátá nínú ìwé àkọsílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí èyí," ó ní. "Ta ni Alhaja Sìdíkátù?"

Àwọn òṣìṣẹ́ kan wúkọ́.

"Oníbúlọ́ọ̀kù ni, sà," Fisáyọ̀ dáhùn. "Òun ló ni òbí Nàìjíríà."

"Yí i padà!" Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ pariwo. Ooru ti mú un. "Yí i padà kíákíá!"

"Kò ní gbà, sà. Ẹni tó bá wà lókè ló ń fún wa láṣẹ àtiyí nǹkan padà."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo pa fáìlì rẹ̀ dé. "Mi ò mọ kànga, mi ò sì mọ búlọ́ọ̀kù. Ohun tí ìwé bá sọ ni mo mọ̀. Kó fọwọ́ sí i kí aago mẹ́rin tó lù, àbí kí n máa lọ."

Awakọ̀ ọ̀gá ti gbé ọkọ̀ lọ mú kéèkì àjọyọ̀ wá. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo àti Fisáyọ̀ há ara wọn mọ́, agbádá ọ̀gá bo gbogbo wọn lójú, àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí aago mẹ́rin lù nígbà tí wọ́n dé ọgbà búlọ́ọ̀kù.

Alhaja gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ìjókòó. Ó ní, "Kí n fọwọ́ síwèé? Ìyẹn ò le. Bíírò dà?" Wọ́n fún un ní bíírò. Ó fi ìwé náà lé orúnkún, ó wá gbé ojú sókè wo ọ̀gá.

"Ọjọ́ kọkànlá rèé tí n ò ṣe búlọ́ọ̀kù kan. Mi ò béèrè owó o. Kí ọ̀gá kàn sọ pé, 'Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,' kí wọ́n sì jẹ́ ká tú okùn yẹn. Mo máa fọwọ́ sí i, ẹ máa lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ṣé ẹ rí bó ṣe rọrùn tó? Ẹ̀yin náà ì bá ti sọ ọ́ tán, ẹ ì bá ti padà sílé. Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ náà fẹ́ sọ ọ́. Mo búra, ó fẹ́ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ Alhaja mẹ́rin tí sìmẹ́ǹtì bo ẹsẹ̀ wọn, ó sì rò ó pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó jáde lẹ́nu òun ní ìhòòhò. Ó yẹ kí òun wọ aṣọ díẹ̀ fún un.

"Ní orúkọ ọ́fíìsì tí mo ń darí," ó bẹ̀rẹ̀, "àti ní ìbámu pẹ̀lú ipò mi gẹ́gẹ́ bí Afibi-gbogbo-sípò, lẹ́yìn tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí yẹ̀ wò tinú tòde…"

"Ọ̀gá, ẹ sọ ọ́," Fisáyọ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ti gbé e yẹ̀ wò, mo rí i pé ó ṣe é ṣe kí ẹnì kan, tí n kò ní dárúkọ, ti ṣe ohun kan tí ó lè dà bí ẹni pé…"

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Gbogbo ìgbà tó bá ti fẹ́ kan ọ̀rọ̀ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn tó gùn á yọ, á sì gba ojú ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ ìwé tó kà. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, ojú náà sì ń bẹ̀ wá pé kí ẹnì kan bá òun dá ẹnu òun dúró, àmọ́ ọdún méjì ni wọ́n ti fi kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀gá lẹ́nu. Àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi tí mò ń sọ ìtàn. Ó ṣe mí díẹ̀.

Wọ́n pe ìrun alásàrí ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé. Alhaja rọra fi bíírò lélẹ̀, ó dìde. Aago mẹ́rin lù. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo mú ìwé náà lórí ìjókòó, ó fà á ya sí méjì bí ìlànà ṣe wí, ó béèrè orúkọ Fisáyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn wá.

"Alhaja," Fisáyọ̀ béèrè, ó ti mú fóònù dání, "ṣé ẹ gbà kí n dá gbogbo wọn padà sí àyè wọn?"

"Dá wọn padà, ọmọ mi, Nàìjíríà yẹn ni kóo kọ́kọ́ gbé kúrò lọ́rùn mi. Abdulganiyy! Tú okùn yẹn, kẹ́ ẹ fa omi."

Wọ́n fa omi. Alhaja ṣe àlùwàlá, ó lọ kírun. Abdulganiyy, tó dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́, po sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú ìwọra, bí ẹni tí ebi iṣẹ́ ń pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti ń lọ ní méjì méjì. Ọ̀gá Akínlẹ́yẹ nìkan ló dúró láàárín ọgbà, ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún díẹ̀," Abdulganiyy ní. "Ibẹ̀ yẹn la máa to búlọ́ọ̀kù sí."

Ọ̀gá sún. Wọ́n to ìlà kìíní, wọ́n tún ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ tún sún. Ó tún sún. Ìlà kẹta gbé e dé ẹnu géètì. Nígbà tí ìlà kẹfà fi máa pé, ojú títì ló wà, àwọn èrò ń yà fún un, kò sì tíì dé orí "ẹ jọ̀ọ́" tiẹ̀.